TA LÓ MỌ OHUN TÓ PỌN DANDAN?

Bíbélì kíkà: 1 Àwọn Ọba 2:36-46

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ilé ìjọsìn, ẹ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ bá mi pe ẹni tó wà nílé ìdáná kó wá jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ẹni méjì ni. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá gbọ́ ọ, á sọ ọ́ di ohun ìjà. "Ṣé o gbọ́ ohun tí Pásítọ̀ wí?" N kò wí nǹkan kan fún un o. Ẹ̀yin méjèèjì ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Lóṣù tó kọjá, tọkọtaya kan wá bá mi ní ọ́fíìsì. Mo ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Bàbá dákẹ́. Ìyàwó ní, "Sà, ọ̀rọ̀ ọjà ni." Mo ní, ọjà wo? Ó ní, "Ọjà tí mo lọ ní oṣù kẹrin ọdún 2020." Ẹ̀yin ará, díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín. Àbí ọdún mélòó nìyẹn! Ìbòmú tí a rà nígbà náà ti di àkísà tí a fi ń nu mọ́tò. Ike sanitáísà ti di ohun tí àwọn ìyàwó wa ń rọ epo sí. Síbẹ̀, ọjà oṣù kẹrin ọdún 2020 ṣì sùn láàárín àwọn méjì yìí lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ti fún mi láyè kí n sọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ, mo sì ti yí ohun tí ẹ lè fi dá wọn mọ̀ padà, nítorí náà ẹ má ṣe máa wo ẹ̀yìn.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún Mọ́mì yín pé irú ọ̀rọ̀ báyìí wá sí ọ́fíìsì, ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé tiwa ti tán ni?" (Ìjọ rẹ́rìn-ín.) Ẹ máa rẹ́rìn-ín. A óò dé orí tiwa náà.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bó ṣe rí, torí ọmọ aráyé a máa tètè gbàgbé. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn kòrónà múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ará Ítálì kan tó ti Milan wọ Èkó. Kí oṣù kẹta tó parí, ìjọba Èkó ti ní kí ẹni tí kò bá ta oúnjẹ, oògùn tàbí omi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ní aago mọ́kànlá alẹ́, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tọrọ àyè díẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè ra oúnjẹ sílé, tiwọn wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin. Wọ́n ní ọjọ́ 14 ni. Ọjọ́ 14 pé, wọ́n tún fi ọjọ́ 14 lé e. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dẹ̀ ẹ́, tó wá di pé kí kálukú wà nílé láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀. Àjíǹde ọdún náà, ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, inú pálọ̀ la ti kọrin. Ní Èkó, ó di oṣù kẹjọ kí wọ́n tó ṣí ilé ìjọsìn fún wa.

Ìjọba ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tó lè jáde: òṣìṣẹ́ ìlera, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ àti àwọn tó ń tà á, àwọn elépo, àwọn oníná mànàmáná, ẹ̀ṣọ́ aláàbò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ojú títì ni àkọsílẹ̀ yẹn wà fún. Ta ló ṣe ti pálọ̀? Kò sí. Ibẹ̀ ni ogun ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí. Ọkọ jókòó sórí àga, ìyàwó gbé báàgì.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ sáré ra àlùbọ́sà."

"Kò sí àlùbọ́sà nílé?"

"Ó ku ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan ò tó se ọbẹ̀ ni? Ṣé nítorí àlùbọ́sà la ó ṣe kú nínú ilé yìí?"

Ìyàwó gbé báàgì sílẹ̀. Ó dákẹ́. Ẹ mọ ìdákẹ́ yẹn. Nígbà tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá wọ sílípáàsì. Ìyàwó ní, "Dádì, níbo lẹ̀ ń lọ?" "Mo fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀." Kí ló wà níbi tó fẹ́ na ẹsẹ̀ dé? Ibi tí wọ́n ti máa ń wo bọ́ọ̀lù ni! Bọ́ọ̀lù gan-an ti dáwọ́ dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti àárín oṣù kẹta. Kò sí ẹni tó ń gbá nǹkan kan. Síbẹ̀ àwọn ọkùnrin ń kóra jọ síwájú ilé tó ti pa, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí kò sí. Kó tó padà, á ra orógbó, á ra ẹ̀pà, á ra káàdì ìpè. Ẹ gbọ́, ẹ̀pà di kòṣeémánìí, àlùbọ́sà di ikú. (Ìjọ hó.) Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má pariwo jù, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ fẹ́ ra búrẹ́dì, tí ẹ gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta wíìgì lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sí ìdajì, ṣé ẹ rò pé a ò mọ̀?

Nígbà tí ẹni tó jáde bá sì dé, ìjà kejì. Ta ló fọwọ́ kan ilẹ̀kùn? Ta ló gbé nylon sórí tábìlì? Wọ́n ń fi ọṣẹ fọ ọ̀rá búrẹ́dì, wọ́n ń fín sanitáísà sára tòmátì. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ìṣègùn jẹ́ kó yé wa pé èémí ẹni tó sún mọ́ ni, pàápàá nínú ilé tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ sí, ni àrùn náà ń bá wá jù, pé ara nǹkan tí a rà kì í fi bẹ́ẹ̀ kó o ranni. A ò mọ̀ nígbà náà. Ẹ̀rù ló ń bà wá, a sì ń fi ẹ̀rù náà na ara wa.

Mo ní n óò sọ tiwa. Ó yá.

Ọ̀sẹ̀ kejì kónílé-ó-gbélé, ọmọbìnrin wa tó kéré jù fẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyàwó mi ní òun fẹ́ jáde lọ ra fúláwà, ṣúgà àti bọ́tà kí òun fi ṣe kéèkì kékeré fún un. Mo ní rárá. Mo ní, "Kéèkì kì í ṣe oúnjẹ." Mo wàásù fún un. Mo sọ̀rọ̀ nípa ìgbọràn, mo sọ̀rọ̀ nípa àwọn aláṣẹ tí Ọlọ́run fi sípò. Ó gbọ́. Ó se ìrẹsì alásèpọ̀, ó ti àbẹ́là kan sí àárín rẹ̀, a kọrin fún ọmọ. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún díẹ̀ ní alẹ́. N kò ka ẹkún yẹn sí.

Ọjọ́ kẹrin ẹ̀, èmi náà fẹ́ jáde. Ẹ rántí pé ilé la ti ń fi fóònù gba ìwàásù sílẹ̀ nígbà náà kí wọ́n lè gbé e sáfẹ́fẹ́. Mo wo àwòrán mi, mo rí i pé ojú mi dúdú jù. Mo gbọ́ pé ẹnì kan ní iná róbótó tí àwọn ayàwòrán fi ń tan ojú, pé bí mo bá wá sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, á tà á fún mi. Mọ́mì yín ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, fèrèsé wà níbí tí oòrùn ń wọ̀, ẹ ò ṣe jókòó síbẹ̀?" Mo ní, "Iṣẹ́ Olúwa ni." Ó ní, "Ẹ ò kúkú lọ mọ́." N kò dá a lóhùn. Mo dúró kó wọ balùwẹ̀, mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, mo lọ. Ìlọ́po mẹ́ta owó rẹ̀ ni mo san. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo rò ó pé báwo ni n óò ṣe gbé e wọlé, mo bá fi í pamọ́ sínú búùtù mọ́tò. Èmi Pásítọ̀! Ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ gbé táyà jáde ló rí i.

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá dùn mọ́ mi, torí mo ti to àwíjàre mi sílẹ̀. Ó gbé páálí náà wá sórí tábìlì níwájú mi, ó ní, "Ẹ̀yin nìkan ni iṣẹ́ Olúwa mọ̀ nínú ilé yìí." Ó sì wọlé.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn ju ìwàásù mi lọ. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe àkọsílẹ̀ pálọ̀: ohun tí mo bá fẹ́, dandan ni, ohun tí ó bá fẹ́, fàájì ni.

Ẹ jẹ́ ká lọ sínú Bíbélì. A ti kà á, n óò kàn sọ ọ́ bí ìtàn. Ṣimei ni ọkùnrin tó ṣépè lé Dáfídì tó sì sọ ọ́ lókùúta nígbà tí Dáfídì ń sá fún Absalomu. Nígbà tí Solomoni jọba, ó pè é, ó ní kó kọ́ ilé sí Jerúsálẹ́mù, kó máa gbé ibẹ̀, kó má ṣe jáde. Ọjọ́ tó bá ré odò Kidironi kọjá, ikú ni. Kónílé-ó-gbélé nìyẹn! Ṣimei ní ó dára. Ó sì pa á mọ́. Ẹ ka iye ọdún tó fi pa á mọ́: mẹ́ta! Àwa tí ọ̀sẹ̀ márùn-ún fẹ́ pa. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹrú rẹ̀ méjì sá lọ sí Gati. Wọ́n sọ fún un. Ó dìde, ó di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní gàárì, ó lọ mú wọn wá. Ó dé láyọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún ọba.

N kò ka ibí yìí kí ọkọ kankan lè délé kó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹni tó lọ sọ́jà, Ọlọ́run á pa á. Bí o bá lò ó bẹ́ẹ̀, ìwọ lo mọ̀ o. Ìwọ kọ́ ni Solomoni, ìyàwó rẹ kò sì sọ bàbá rẹ lókùúta. (Ìjọ rẹ́rìn-ín.) Ohun tí mo ń wò níbẹ̀ ni ìgbà tó di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní gàárì. Lójú Ṣimei, ìrìn àjò yẹn pọn dandan. Ẹrú méjì, dúkìá ńlá ni láyé ìgbà náà. Bí ẹ bá bi í, á sọ fún yín pé kò sí bí òun kò ṣe ní lọ. Ṣùgbọ́n a ò rí i kà níbẹ̀ pé ó bi ẹnikẹ́ni. Ààfin kò jìnnà sí i. Ó lè ránṣẹ́ sí ọba pé, "Kábíyèsí, ẹrú mi sá, kí ni kí n ṣe?" Ó lè rán ẹlòmíràn lọ sí Gati. Kò sọ fún ẹnì kan. Ó kàn di gàárì.

Ìwọ tí ò ń wò mí, mélòó ni gàárì tí o dì láìsọ̀rọ̀ ní ọdún 2020? Èmi di tèmi nígbà tí ìyàwó mi wà ní balùwẹ̀.

Ẹ wo ibòmíràn. Nínú ìwé Eksodu orí kẹrìndínlógún, Ọlọ́run fún wọn ní mana, ó ní kí wọ́n kó ìlọ́po méjì ní ọjọ́ kẹfà, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ ní ọjọ́ keje. Àwọn kan ṣì jáde lọ wá a ní ọjọ́ keje. Wọn ò rí nǹkan kan. Mo máa ń bi ara mi pé ṣé ebi ló lé wọn jáde. Oúnjẹ wà nílé! Mo rò pé ohun mìíràn ni, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a jà lórí ọjà, ọjà kọ́ là ń jà lé. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin. Kafíńtà ni, tàbí ó ń wa dáńfó, tàbí télọ̀ ni, tàbí ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ohun tó bá rí lónìí ló ń jẹ lọ́la. Ọ̀sẹ̀ kìíní kónílé-ó-gbélé, ó ṣì ní nǹkan lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti tán. Oúnjẹ ìrànwọ́ tí ìjọba ní àwọn ń pín, kò dé àdúgbò rẹ̀, tàbí ó dé, ó jẹ́ ìwọ̀nba. Ìyàwó wá ní òun fẹ́ lọ ra nǹkan. Kí ló máa sọ? Àìlówó lọ́wọ́, baba ìjayà. Ó rọrùn fún un láti sọ pé, "Kòrónà wà níta," ju kó sọ pé, "N kò ní owó." Ó wá ń pariwo àrùn, owó ni kò sí. Ìyàwó kò mọ̀, ó rò pé ahun ni, tàbí pé ó fẹ́ máa ṣe ọ̀gá lé òun lórí. Ká ní ó sọ òtítọ́ ni, bóyá obìnrin náà ní ẹgbẹ̀rún méjì tó dì sí etí ìró. Bóyá wọn ì bá jọ jókòó, kí wọ́n jọ rò ó. Kòrónà gba ẹ̀sùn tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ obìnrin. Iléèwé pa. Ọmọ mẹ́rin ń sáré nínú yàrá méjì. Kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké ní fèrèsé. Ó ń se oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ẹni mẹ́fà tí kò jáde lọ síbì kankan, ọkọ tí kì í jẹun ọ̀sán nílé tẹ́lẹ̀ ń béèrè pé kí la ó jẹ lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kọkànlá, ó ní òun fẹ́ lọ ra ata. Ata wà nílé. Ọkọ ṣí fíríìjì, ó fi ata hàn án bí lọ́yà tó gbé ẹ̀rí wá sí kọ́ọ̀tù. Ohun tí obìnrin yẹn fẹ́ rà kò sí lórí tábìlì alátà kankan. Ó fẹ́ wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni kò ní pe òun ní Mọ́mì. Ṣé ó pọn dandan? Mo bi yín. Mo lè sọ fún yín pé ó pọn dandan. Ṣé inú ọjà tí èrò ti ń forí gbára ló yẹ kó ti rí i? Ìyẹn ọ̀tọ̀. Ọkọ lè kó àwọn ọmọ jáde sí ẹ̀yìnkùlé fún wákàtí kan, kí ìyá wọn ti ilẹ̀kùn, kó sùn. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa mọ̀, nígbà tó jẹ́ ata ni ó pè é?

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni. Ní orílẹ̀-èdè Panama, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2020, ìjọba pín ọjọ́ fún wọn: obìnrin lè jáde ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, ọkùnrin ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Ìsinmi, kí gbogbo wọn jókòó. Peru náà gbìyànjú irú rẹ̀, kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n fi pa á tì, torí ní ọjọ́ àwọn obìnrin, ọjà kún fọ́fọ́. Àwọn tó ń ra oúnjẹ ilé ló kó jáde! Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń wò wá ní ìlú ọba, ẹ rántí Wales, oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn ilé ìtajà ńlá má ta ohun tí kò pọn dandan. Wọ́n fi ọ̀rá bo ibi tí wọ́n kó aṣọ sí. Òtútù ń bọ̀, òbí fẹ́ ra ṣòkòtò fún ọmọ, wọ́n ní kò pọn dandan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú. Bí ìjọba tó ní amòfin àti akọ̀wé kò bá lè to ohun tó pọn dandan kó gún, ìwọ tí o jókòó sórí àga pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́, báwo lo ṣe rò pé ìwọ nìkan lè tò ó?

Mo fẹ́ ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n na ìyàwó wọn nígbà yẹn nítorí pé ó jáde. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọ́n gba fóònù rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àríyànjiyàn lórí ọjà, kí ẹnikẹ́ni má fi ìwàásù mi bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Obìnrin tí wọ́n bá ń nà nílé kò nílò kí n kọ́ ọ bí yóò ṣe bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kó kúrò níbẹ̀ ná, kó wà láyè, kó sọ fún ẹbí rẹ̀, kó sọ fún ìjọba.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí tọkọtaya mi.

Ìyá ọkọ ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyàwó yìí ń rán aṣọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́ pé kó rán ìbòmú fún àwọn. Ó ní aṣọ, ó ní òwú, kò ní rọ́bà tó ń fà, èyí tí wọ́n ń fi há etí. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun mọ ibi tí òun ti lè rí i. Ọkọ ní, "Nítorí rọ́bà? Pẹ̀lú Màmá nínú ilé?" Wọ́n jà fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ sùn lọ́sàn-án, ó yọ́ jáde. Wákàtí méjì ló lò. Ó ra rọ́bà, ó rán ìbòmú, ó tà á.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn náà, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ibí yìí. Èémí kò tó o mọ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, kò pẹ́ níbẹ̀. Ìsìnkú rẹ̀, ẹ mọ bí ìsìnkú ṣe rí nígbà náà, àwọn díẹ̀ dúró jìnnà síra wọn, ọmọ kò lè fọwọ́ kan ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ti ibi ìsìnkú dé, ọkọ wo ìyàwó, ó ní, "Rọ́bà ló pa ìyá mi." Láti ọjọ́ náà, ọdọọdún tí ìrántí Màmá bá dé, ó máa ń sọ ọ́. Nígbà mìíràn kì í sọ ọ́, á kàn gbé ẹ̀rọ ìránṣọ náà kúrò ní pálọ̀ kí àwọn àlejò tó dé.

Mo bi ìyàwó pé kí ló fi owó ìbòmú náà ṣe. Ó wolẹ̀. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti tán lóṣù yẹn, ọkọ òun kò lówó lọ́wọ́, òun sì mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ síwájú Màmá, ojú á tì í. Owó ìbòmú ló fi ra oògùn oṣù kan. Mo wo ọkọ. Ó ní òun rí oògùn náà nígbà náà. Ó ní òun kò béèrè ibi tí owó rẹ̀ ti wá.

Lẹ́yìn náà ni bàbá yìí bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Mo rò pé nítorí oògùn ni. Ó ní rárá, nǹkan mìíràn wà. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó òun lọ ra rọ́bà, òun náà jáde lẹ́ẹ̀mẹta ní ìrọ̀lẹ́. Ó sọ fún wọn nílé pé òun fẹ́ wo mọ́tò. Ẹ̀yìn ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń lọ, àwọn mẹ́rin jókòó nínú yàrá kékeré kan, wọ́n ń ta dírááfù. Kò sí ẹni tó lo ìbòmú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn pè é pé òun kò gbọ́ òórùn oúnjẹ mọ́, pé ọbẹ̀ ń dà bí omi lẹ́nu òun. Ó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ó mọ̀ ọ́n láti ọdún 2020, ó gbé e sínú, ó sì di gbogbo ẹ̀sùn lé rọ́bà.

Ta ló wá gbé àrùn wọlé? Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò sí ẹni tó lè sọ. Ẹni tó bá kó àrùn yẹn lè ní i lára fún ọjọ́ méjì títí dé ọjọ́ mẹ́rìnlá kó tó hàn, ó sì lè kó o ran ẹlòmíràn kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Àwọn kan ní i, kò tilẹ̀ rẹ̀ wọ́n. Ó lè jẹ́ ìyàwó. Ó lè jẹ́ ọkọ. Ó lè jẹ́ ọmọ tí wọ́n rán lọ ra búrẹ́dì ní ìgboro. Ó lè jẹ́ aládùúgbò tó wá kí Màmá ní fèrèsé. Mo sọ fún bàbá yìí pé òun náà kò gbọdọ̀ gbé e lérí ara rẹ̀ báyìí bó ṣe gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lórí, torí ohun tí a kò mọ̀, a kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó fi ìyàwó rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n fún ohun tí òun náà ṣe.

Mo yíjú sí ìyàwó. Mo rò pé á sọ pé òun ti dárí jì í, kí á gbàdúrà, kí á lọ jẹun. Obìnrin náà dákẹ́ títí. Ó ní, "Pásítọ̀, gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá lójú oorun." Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ sílé ná." Mo ní kò burú. N kò fi ẹsẹ Bíbélì tì í. Àwọn kan nínú ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọ máa ń fẹ́ kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ dárí jì wọ́n kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ẹ máa fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n mí. Wọ́n ti padà wá lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Ọkọ ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ padà sí pálọ̀. Ibi tí a dé nìyẹn.

Èmi àti Mọ́mì yín ńkọ́? Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà pé mẹ́wàá. Èmi ni mo lọ ra fúláwà. N kò mọ irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, mo ra ti búrẹ́dì, kéèkì náà le bíi bíríkì, gbogbo wa jẹ ẹ́. Ó sì ku ohun kan tí n kò ì tíì sọ fún un títí di alẹ́ ọjọ́ tí mo sọ fún yín yẹn, nígbà tó bi mí bóyá tiwa ti tán. Mo sọ fún un pé ọjọ́ tí mo lọ ra iná, kì í ṣe nítorí ojú mi tó dúdú nìkan. Ilé ìjọsìn ti pa, àwọn ènìyàn ti ń wo ìwàásù àwọn ìjọ ńlá lórí fóònù, ẹ̀rù ń bà mí pé bí ilẹ̀kùn bá ṣí, kò sí ẹni tó máa padà wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn? N bá bá yín lọ."

Ó yá, ẹ dìde. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má dìde bí ẹ bá rẹ̀, ẹ ṣáà di ọwọ́ ara yín mú. Bí ẹnì kejì rẹ kò bá sí nílé, má pè mí lórí fóònù, òun ni kí o pè. Má bi í pé ibo ló wà. Sọ ohun tí ń bà ọ́ lẹ́rù lọ́dún náà fún un. Bí ó bá jẹ́ owó ni, pè é ní owó. Bí ó bá jẹ́ pé ó sú ọ, sọ pé ó sú ọ. Ẹni tó bá sì ṣì ní páálí kan nínú búùtù mọ́tò, kí a tó gbàdúrà, kó lọ gbé e wọlé. A óò dúró dè ọ́.